Òkúta Gígùn Tí Mendo Ń Ṣà Jọ

Èmi Karsang, iṣẹ́ bíríkìlà ni mo ti ń ṣe láti ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Òkúta ni mo fi ń mọ ilé, kì í ṣe búlọ́ọ̀kù àwọn ará ìsàlẹ̀. Ní Bolgang tiwa lórí òkè, kí ilẹ̀ tó mì, nínú ilé mẹ́tàlélọ́gọ́ta tó wà lábúlé, ọwọ́ mi ló kọ́ mọ́kànlélógójì. Tí ẹnikẹ́ni bá ní mo ń fọ́nnu, kó máa sọ ọ́ lọ. Mo ní ìdí tí mo fi ń kà wọ́n.

Ohun tí wọ́n fi mọ̀ mí ni òkúta lílà. Tí wọ́n bá gbé òkúta gígùn kan wá, irú èyí tó gùn tó apá àgbàlagbà, màá yí i síhìn-ín, màá yí i sọ́hùn-ún, màá wá ibi tí ìlà rẹ̀ gbà, màá sì lù ú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Pàà! Ó ti di méjì, ojú méjèèjì á sì mọ́ tónítóní. Ọ̀kan á kọjú síta, èkejì á kọjú sínú ilé, a ó wá fi òkúta wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ àti ẹrẹ̀ dí àárín wọn. Bíríkìlà tó bá gbé odidi òkúta gígùn sínú ògiri, onínàákúnàá là ń pè é. Bàbá mi ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀, bàbá tirẹ̀ ló sì kọ́ òun náà.

Ọ̀rọ̀ Mendo ni mo fẹ́ sọ o, kì í ṣe ti ara mi. Ṣùgbọ́n ẹ fi ọ̀rọ̀ òkúta yìí sọ́kàn.

Mendo jẹ́ ìyàwó Phurba. Òdìkejì odò ni wọ́n ti fẹ́ ẹ wá, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Kò ga, ara rẹ̀ kò sì pọ̀, ṣùgbọ́n tó bá la ohùn, àwọn tó ń da ewúrẹ́ lókè lọ́hùn-ún á dáhùn. Ilé tí wọ́n gbé e wọ̀, èmi ni mo kọ́ ọ fún bàbá Phurba nígbà tí Phurba ṣì ń rá. Ibẹ̀ ló ti bí ọmọbìnrin rẹ̀, Yangji. Ibẹ̀ ni òun àti ìyá ọkọ rẹ̀ ti ń bára wọn jà lórí iyọ̀ ọbẹ̀ èsìsì, tí wọ́n á tún jọ jẹ ẹ́ nínú àwo kan náà.

Ọjọ́ Sátidé ni ilẹ̀ mì, ọ̀sán ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ́n. Inú oko àgbàdo ni ọ̀pọ̀ wa wà, òun ló jẹ́ kí àwa tó kù yè. Ibà ń ṣe Phurba, ó dùbúlẹ̀ sílé. Mendo, ìyá ọkọ rẹ̀ àti Yangji wà lóko pẹ̀lú wa. Ilẹ̀ ń gbọ̀n bí atẹ tí wọ́n fi ń fẹ́ ọkà, gbogbo wa ṣubú lulẹ̀. Nígbà tí eruku lọ tán, a wo apá ibi tí Bolgang wà, a ò rí Bolgang. Ilé méjì péré ló dúró. Èèyàn mọ́kànlá ló kú, Phurba sì wà lára wọn.

Ọwọ́ lásán la fi wa Phurba jáde, ó gbà wá ní wákàtí mẹ́ta. Èmi náà wà níbẹ̀. Mo rí i pé ojú ògiri tó kọjú síta ti wó síta, èyí tó kọjú sínú ti wó sórí ibùsùn. Ògiri náà ti là sí méjì láàárín. Mo rí i, mo sì pa ẹnu mi mọ́. Nígbà tí wọ́n bi mí, mo ní, "Ilẹ̀ ló ṣe é. Ta ló lè bá ilẹ̀ jà?"

Ní ọjọ́ kẹfà, hẹlikópítà dé. Àwọn olùrànlọ́wọ́ kó tápólì, ìrẹsì, iyọ̀ àti páànù wá. Mi ò ní purọ́ mọ́ wọn, ìrẹsì yẹn ló gbà wá là. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà nínú wọn tí mi ò mọ ibi tí wọ́n ti wá, páálí mẹ́sàn-án ni wọ́n gbé wá. A tú u, aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ ló kún inú rẹ̀! Lórí òkè, níbi tí odò tó sún mọ́ wa jù jẹ́ ìrìn wákàtí kan! Jangbu, aládùúgbò mi tí kì í lè ṣe kó má ṣe yẹ̀yẹ́, wọ ọ̀kan lé ṣòkòtò rẹ̀ lórí, ó sì gbé dòjé lọ sóko koríko. Ọjọ́ yẹn la kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Mendo rẹ́rìn-ín títí tó fi di ẹkún, ẹkún náà kò sì tètè tán.

Nígbà tó yá, àwọn olùrànlọ́wọ́ lọ, àwa kù sínú ahéré páànù. Oòrùn ń jó wa níbẹ̀, òtútù ń pa wá níbẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà òtútù àkọ́kọ́, ikọ́ Ìyá Phurba ti di ohun tí a ń gbọ́ láti ìdí ẹ̀rọ omi. Nọ́ọ̀sì tó ń gòkè wá wò wá sọ ọ́ lójú gbogbo wa pé, "Màmá yìí kò ní la ìgbà òtútù kẹta kọjá nínú páànù yìí." Láti ọjọ́ náà ni Mendo kò ti ní ọ̀rọ̀ méjì lẹ́nu. Ó ní òun gbọ́dọ̀ bo ilé kan lórí kí òjò ńlá oṣù Ásár ọdún tó ń bọ̀ tó dé, kí ògiri rẹ̀ lè gbẹ kí òtútù tó wọlé.

Àkókò yẹn ni àwọn kan dé ọjà ìsàlẹ̀, tí wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́ àwọn bíríkìlà ní ọ̀nà tuntun fún àádọ́ta ọjọ́, tọkùnrin tobìnrin. Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ ránṣẹ́ pè. Mo ní, "Ta ló fẹ́ kọ́ mi ní òkúta? Ẹ̀yin ọmọ àná yìí?" Mo lé ẹni tí wọ́n rán sí mi padà. Mendo gbọ́, ó fi Yangji sọ́dọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ. Àwọn ọkùnrin ń rẹ́rìn-ín pé ìyàwó Phurba fẹ́ di ọkọ.

Nígbà tó padà, akoto aláwọ̀ ìyeyè wà lórí rẹ̀, okùn ìwọ̀n ògiri tí òjé so mọ́ nídìí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ó kó wa jọ sídìí ẹ̀rọ omi. Ó ti mọ ògiri kékeré méjì sórí atẹ ìfẹ́kà.

"Ẹ wò ó," ó ní, "ẹrẹ̀ kan náà ni, wọ́n sì ga bákan náà. Èyí, mo fi òkúta gígùn dè é láti ìta wọ inú, mo sì fi ọ̀já igi gbá a yíká, bí àwa obìnrin ṣe ń dirù mọ́ ìbàdí. Èyí tó kù, bí a ṣe ń kọ́ ọ nílé ni mo kọ́ ọ."

"Ta ló ń gbé inú rẹ̀, ìyàwó?" Jangbu ló bèèrè bẹ́ẹ̀. "Ṣé eku ni?"

"Ìwọ ni. Wá di atẹ mú, kí o gbọ̀n ọ́n."

Jangbu gbọ̀n ọ́n. Ògiri tó ní òkúta gígùn mì títí, ó dúró. Èyí tó kù la ẹnu láàárín: apá kan wó síta, apá kan wó sínú. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Mo rí i bí ojú ṣe ń yí sọ́dọ̀ mi lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà," mo pariwo, "kò lè ní àkísà bí àgbà!"

Mendo tẹrí ba fún mi dáadáa, ó ní, "Òótọ́ ni, Bàbá. Àkísà yín pọ̀. Gbogbo abúlé ló tú ká sí yìí."

Mo bínú kúrò níbẹ̀. Ìbínú kọ́ ló sì ń ṣe mí, ẹ̀rù ló ń bà mí.

Àáró la fi ń kọ́ ilé lọ́dọ̀ wa. Ilé mẹ́rìnlá ló wà nínú àáró tiwa: ẹ wá ṣe ọjọ́ kan fún mi, kí n wá ṣe ọjọ́ kan fún yín. Ọjọ́ ọkùnrin jẹ́ ọjọ́ kan, ọjọ́ obìnrin jẹ́ ìdajì, nítorí pé obìnrin ló ń ru ẹrẹ̀, ọkùnrin ló ń to òkúta. Èmi ni olórí àáró. Mendo dé iwájú wa, ó ní òun kò ru ẹrẹ̀ mọ́, òkúta ni òun ń tò, kí a máa ka ọjọ́ òun sí odidi. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ atẹ ṣì wà lọ́kàn mi.

"Ìdajì ni," mo ní, "àfi tí irùngbọ̀n bá hù lágbọ̀n rẹ."

"Tó bá jẹ́ irùngbọ̀n ló ń mọ ilé, Bàbá, òbúkọ Jangbu ì bá ti kọ́ tirẹ̀ tán."

Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ẹnìkan ṣubú lórí àpótí. Síbẹ̀ ìdajì ni mo dá, ìdajì ló sì dúró. Gbogbo wa mọ ohun tó túmọ̀ sí: tó bá kan ilé Mendo, iṣẹ́ tí a ó bá a ṣe kò ní kọjá ojú fèrèsé, òjò á sì bá a níbẹ̀. Ó ní, "Mo ti gbọ́," ó sì ń bá iṣẹ́ lọ nílé àwọn ẹlòmíì, kò pa ọjọ́ kan jẹ.

Láàárọ̀ kùtù, kó tó lọ síbi iṣẹ́, òun àti Yangji a máa ṣa òkúta gígùn nínú àlàpà. Àwọn èyí tí mi ò rí là ni wọ́n ń wá: àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, ọpọ́n omi ẹran, ìdènà ọgbà. Wọ́n á fi igi yí i, wọ́n á fi okùn fà á, wọ́n á fi àpò bò ó lẹ́yìn ahéré. Mo kọjá lọ́jọ́ kan, mo ní, "Ìyàwó, ṣé o fẹ́ ṣí ìsọ̀ òkúta ni?"

"Ẹ̀yin náà lẹ ò jẹ́ kó kù, Bàbá. Ogójì ọdún lẹ fi ń là á."

Nígbà tó kan ilé mi, mo kọ́ ọ bí mo ṣe ń kọ́ ọ látijọ́. Mo gbọ́ pé ẹnjiníà ìjọba tó ń fọwọ́ sí ilé ń wá orí òkúta gígùn lójú ògiri, mo wá to òkúta kúkúrú káàkiri kí orí wọn lè yọ síta, kó dà bíi pé wọ́n gùn. Bẹ́ẹ̀ ni, mo fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ. Ẹnjiníà náà dé, ọmọdébìnrin ará ìlú Patan kan tí wọ́n ń pè ní Rojina. Ó wò ó, ó yọ irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó sì fi gún ẹ̀gbẹ́ òkúta náà. Irin náà wọlé wọ̀ọ̀.

"Bàbá, òkúta wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ ló wà nínú ibí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú u títí dé ìpìlẹ̀."

Mo pariwo lé e lórí. Mo ní mo ti ń kọ́lé kí wọ́n tó bí ìyá rẹ̀. Ó dúró kí n pariwo tán, ó wá ní, "Mi ò lè fọwọ́ sí ilé tó máa pa yín, Bàbá." Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, ó sì lọ.

Ojú tì mí débi pé mi ò lè jẹun. Lọ́jọ́ kejì kò sẹ́ni tó yọjú. Jangbu ránṣẹ́ pé ewúrẹ́ òun fẹ́ bímọ. Òfin àáró sì ni pé ìtò kì í fo ẹnikẹ́ni: bí ilé mi kò bá tán, ilé tó tẹ̀ lé e kò ní bẹ̀rẹ̀. Ilé Mendo ló tẹ̀ lé e. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ péré ló kù kí òjò dé.

Orí òkúta ni mo jókòó sí nígbà tí mo gbọ́ ẹsẹ̀. Mendo ni, òun àti akoto rẹ̀.

"Ẹ dìde, Bàbá."

"Ta ló rán ẹ wá?"

"Ọjọ́ àáró yín ni."

"Ìdajì ni mo máa kà á sí o."

"Ẹ kà á bó ṣe wù yín. Tí ilé yín ò bá tán, tèmi ò ní bẹ̀rẹ̀, Ìyá Phurba sì ń wúkọ́. Ẹ di apá ibẹ̀ yẹn mú."

A tú u. Ọjọ́ kẹta, àwọn yòókù yọjú lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fọwọ́ họrí. Mendo ló ń tò, èmi ń gbé e fún un. Nígbàkígbà tí ògiri bá ga tó ìwọ̀n apá, ó ti ní òkúta gígùn kan nílẹ̀ tí yóò fi dè é. Mi ò bi í níbi tó ti rí i. Ìtìjú kò jẹ́ kí n la ẹnu. Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún Rojina padà wá, ó gún un títí, irin rẹ̀ kò wọlé, ó sì fọwọ́ sí i.

Mo pe ìpàdé àáró nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mo ní ọjọ́ Mendo, odidi ọjọ́ ni láti òní lọ. Jangbu ní, "Irùngbọ̀n ti hù nìyẹn!" Kò sẹ́ni tó jiyàn.

Ó kan ilé Mendo. Ìpìlẹ̀ parí, ògiri dé orúnkún, iṣẹ́ sì dúró. Mo lọ wò ó. Mendo kò sí nílé, ìyá ọkọ rẹ̀ nìkan ló jókòó síta, ó di bùláńkẹ́ẹ̀tì mọ́ra.

"Màmá, kí ló dá iṣẹ́ dúró?"

"Òkúta gígùn kò sí mọ́. Ó ti wá a lọ sódò."

"Èyí tó kó jọ lẹ́yìn ahéré ńkọ́?"

Ó wúkọ́ tán kó tó dá mi lóhùn. "Karsang, ṣé o fọ́jú ni? Lọ wo ilé rẹ."

Mo lọ wò ó. Orí àtẹ̀gùn Jangbu rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn mi. Ọpọ́n omi màlúù tí mo mọ̀ láti kékeré rèé lábẹ́ fèrèsé. Mo kà wọ́n, wọ́n jẹ́ méjìdínlógójì. Gbogbo òkúta tí obìnrin náà fi àárọ̀ ọdún kan ṣà fún ilé ara rẹ̀, inú ògiri tèmi ló wà.

Odindi ọjọ́ méjì ni Mendo lò lódò, òkúta méjì ló gbé bọ̀. Odò ti ń kún. Rojina ní èèyàn lè fi sìmẹ́ńtì àti irin rọ òkúta ìdè, ṣùgbọ́n òkè ti ya lu ọ̀nà mọ́tò, sìmẹ́ńtì kò lè gòkè títí òjò á fi lọ. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló kù.

Ibì kan ṣoṣo ló kù tí òkúta gígùn wà ní Bolgang, èmi nìkan ni mo sì lè mú un. Nígbà tí Lhamu, ìyàwó mi, kú, mo kọ́ pèpéle ìsinmi kan sí orúkọ rẹ̀ lábẹ́ igi ọ̀dán méjì, níbi tí ọ̀nà ti yípo, kí àwọn tó ń ru ẹrù máa gbé e kalẹ̀ níbẹ̀, kí oore rẹ̀ máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn ikú. Òkúta gígùn ni mo fi bo orí rẹ̀, mẹ́rìnlélógójì, odidi ni gbogbo wọn. Èèyàn kì í la òkúta òkú ẹni. Mo gbẹ́ orúkọ rẹ̀ sí orí ọ̀kan.

Mo jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀. Mo ní, "Lhamu, o mọ̀ mí. O mọ̀ pé n kì í gbà pé mo jẹ̀bi." Mo sunkún bí ọmọdé, mo ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Lẹ́yìn náà mo fi irin wa òkúta àkọ́kọ́.

Jangbu ló kọ́kọ́ rí mi. "Bàbá! Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá lẹ ń dá yìí o!"

"Ẹ̀ṣẹ̀ mi ti pẹ́ ju èyí lọ. Lọ gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ wá."

Wọ́n pe lámà, àlùfáà wa. Ó dé, ó wò mí, ó wo òkúta. "Ẹlẹ́rù lè sinmi nílẹ̀," ó ní. "Arúgbó ò lè sùn nínú òjò." Ó yíjú padà lọ. Lẹ́yìn ìyẹn kò sí apẹ̀rẹ̀ tí kò jáde lábúlé.

Nígbà tí a sọ òkúta kalẹ̀ níwájú Mendo, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi apá wọ̀n wọ́n. Èmi ni mo sọ̀rọ̀. Mo ní, "Mendo, ilé tó pa ọkọ rẹ, èmi ni mo kọ́ ọ. Mo la òkúta rẹ̀ sí méjì. Mo rí i lọ́jọ́ tí a ń wa Phurba jáde pé ohun tó wó o nìyẹn, mo sì dákẹ́."

Ìyá Phurba fi bùláńkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bojú.

"Mo ti mọ̀, Bàbá," Mendo ní. "Ọjọ́ kẹta tí mo dé ibi ẹ̀kọ́ ni mo ti mọ̀."

"Kí ló dé tí o ò sọ ọ́?"

"Tí mo bá sọ ọ́, ẹ ò ní fọwọ́ kan òkúta mọ́. Ilé mẹ́rìnlá la ní láti kọ́, kò sì sí ọwọ́ míì níbí tó mọ òkúta bíi tiyín." Ó nu ẹrẹ̀ ojú rẹ̀, àbí omijé ni. "Ṣùgbọ́n mo ń bú yín nínú mi lójoojúmọ́. Ẹ má rò pé mi ò bú yín."

"O jàre," mo ní.

"Ẹ gbé orí òkúta yẹn."

A bo ilé náà lórí ní ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú òjò. Ìyá Phurba la ìgbà òtútù náà kọjá, ó sì la mẹ́ta míì kọjá lẹ́yìn rẹ̀, ó ń bá Mendo jà lórí iyọ̀ ọbẹ̀.

Òkúta kan ni Mendo kò fi sínú ògiri. Èyí tó ní orúkọ Lhamu lórí ni, ó fi àpò bò ó. Nígbà tí òjò lọ, ó pe ìpàdé àáró fúnra rẹ̀. Ó ní, "Ilé mẹ́fà ni mo bá yín ṣe tí ẹ ń ka ọjọ́ mi sí ìdajì. Ìdajì tó kù wà lọ́rùn gbogbo yín. Mo fẹ́ gbà á." A bi í pé níbo ni ká ti wá ṣe é, nígbà tí ilé rẹ̀ ti parí.

Abẹ́ igi ọ̀dán ló kó wa lọ. Ó ti ní kí wọ́n kó àwọn òkúta ilé rẹ̀ àtijọ́ síbẹ̀, ilé tó pa Phurba, òkìtì ńlá kan. Ó gbé òkúta Lhamu kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó mú òòlù mi, ó fi lé mi lọ́wọ́.

"Pèpéle ìyàwó yín la fẹ́ tún kọ́, Bàbá. Kò ga, kò sì sẹ́ni tó ń sùn sábẹ́ rẹ̀," ó ní. "Èyí tó bá gùn jù níbẹ̀, ẹ là á. Ibí ni kí ẹ ti máa là á."

Mo fa èyí tó gùn jù nínú òkìtì náà jáde. Mo wá ìlà òkúta náà títí mo fi rí i, mo sì là á.